Iná Tó Ń Jó Owó: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Fẹ́ Wọ Ojúlé dé Ojúlé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, ó kéré tán) fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan. Wọ́n dín in díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ara ò tíì rọ ẹnikẹ́ni. Ìpàdé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ni ọ̀pọ̀ àdúgbò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Alága sọ̀rọ̀, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n sì padà sílé lọ bá gílóòbù tó ń tàn lójú ọ̀sán gangan. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ojúlé dé ojúlé ni iṣẹ́ kíkọ́ ènìyàn bí wọ́n ṣe lè dín iná tí wọ́n ń lò kù wà.

Kúbà ṣe irú rẹ̀ láàárín 2005 sí 2006. Àwọn ọ̀dọ́ ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń tú gílóòbù àtijọ́ kúrò, wọ́n sì ń fi èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìjọba ló sanwó ibẹ̀. Ní tiwa, àpò onílé ni owó ti máa jáde, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ibi tí owó náà yóò gbà padà wọlé.

Kí ẹ tó wọlé

Kí ẹni méjì lọ, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹni tí òpópónà náà mọ̀. Ẹ má lọ lálẹ́. Ẹni tí ẹ kì í ṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ: "Ẹ kú ilé o, ìyá. Ọmọ àdúgbò yìí náà ni wá. A kì í ṣe ará NẸ́PÀ, a ò sì ní fọwọ́ kan mítà yín."

Gbólóhùn yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa iná lọ. Àwọn ilé kan wà tí wáyà gba ẹ̀yìn mítà wọlé, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ yóò sì rò pé amí ni yín. Ẹ má ṣe ọlọ́pàá. Ẹ kàn sọ pé irú wáyà bẹ́ẹ̀ lè dáná sunlé, kí ẹ sì bá ohun tí ẹ bá wá lọ. Ẹ má sì ní kí wọ́n mú yín wọ yàrá. Ẹ̀rù olè kì í jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ kí àlejò máa ka ẹrù òun.

Ẹ jẹ́ kí mítà sọ̀rọ̀

Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ imp/kWh sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà, ó sábà máa ń jẹ́ 1000. Tó bá ti ṣẹ́jú nígbà 1000, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Ẹ ní kí onílé pa ohun gbogbo, kí ó tan ẹyọ kan, kí òun fúnra rẹ̀ sì máa kà á. Áyọ́ọ̀nù 1,200 wáàtì yóò ṣẹ́jú nígbà 20 ní ìṣẹ́jú kan. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì yóò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. LED 9 wáàtì yóò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ kó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣírò iná ìta. Gílóòbù 60 wáàtì tó ń tàn fún wákàtí 12 lálaalẹ́ yóò jẹ yúníìtì 21.6 lóṣù. Tí yúníìtì kan bá jẹ́ ₦200, ₦4,320 nìyẹn. LED 9 wáàtì kò ní jẹ tó ₦650.

Ohun tó kù nínú ilé

Ẹ ní kí onílé fi owó bébà há ẹnu fìríìjì, kí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ó sì fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú. Kí ó pààrọ̀ rọ́bà kí ó tó ronú àtira tòkúnbọ̀ mìíràn. Ẹni tó ń tan éésì nínú yàrá onílúfà ń fún ìta ní atẹ́gùn ni. Kí ó kọ́kọ́ wá káfíńtà tí yóò dí àlàfo wọ̀nyẹn. Ilé tí páànù rẹ̀ kò ní àjà lábẹ́ kò lè tutù, bó ti wù kí fáànù pọ̀ tó. Ẹni tó fẹ́ ra sólà, kí ó ṣe gbogbo èyí ṣáájú, torí èyí tó máa rà yóò kéré.

Ilé onímítà kan

Ibí ni iṣẹ́ ti le jù. Ayálégbé mẹ́jọ ń dáwó iná, iye kan náà ni olúkúlùkù ń san, ẹnì kan sì ń fi irin oníná sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì se omi láràárọ̀. Ta ló máa pa gílóòbù tirẹ̀ nígbà náà? Ẹ má sọ ọ́ di ẹjọ́. Ẹ bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ nípa mítà kékeré fún yàrá kọ̀ọ̀kan, kí rìwáyà tó mọṣẹ́ sì bá wọn so ó. Títí dìgbà náà, iná ìta àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi LED sí, torí gbogbo wọn ló jọ ń sanwó rẹ̀.

Àwọn tí kò ní mítà rárá, tí wọ́n ń gba bíìlì àfojúbù, ẹ bá wọn kọ̀wé béèrè mítà lákọ̀ọ́kọ́. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pa iná, bíìlì wọn ò ní yí padà.

Ẹ kọ nọ́ńbà yúníìtì tó kù àti ọjọ́ tí ẹ wá sínú ìwé. Kí onílé tọ́jú gbogbo rìsíìtì yúníìtì tó bá rà. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, kí ẹ ṣírò iye yúníìtì tó lò, kí ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ìwé náà han ẹni tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà.