Ẹ̀wà tí kò rọ̀: ohun tí ojú mi rí nígbà tí a fi ẹran sílẹ̀ nílé wa

Gáàsì tó máa ń tó wa lò fún ọ̀sẹ̀ 6 ló tán mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 3. A ò gbàlejò, a ò ṣe ìnáwó. Ẹ̀wà ló gbé e lọ, ẹ̀wà tí mo gbé kaná láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò rọ̀. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi, torí gbogbo ẹni tí mo bi léèrè kí n tó bẹ̀rẹ̀ ló fi dá mi lójú pé oúnjẹ tí kò ní ẹran kì í náni ní nǹkan kan.

Àkọ́bí mi obìnrin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́, òun ò jẹ ẹja, ẹyin àti wàrà náà sì parí nìyẹn. Mo rò pé yóò rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò rọlẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń se ìkòkò méjì lójoojúmọ́, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún àwa yòókù, títí ó fi sú mi. Mo wá sọ fún ọkọ mi pé kí gbogbo wa kúkú máa jẹ ohun kan náà láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìwọ lo mọ bí wàá ṣe ṣe é, kó ṣáà ti yó mi." Mo ní yóò yó o.

Mi ò ní máa ṣàlàyé bí a ṣe ń se ìrẹsì tàbí ewébẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Wàrà sóyà kò yọ mí lẹ́nu, kéèkì tí kò lẹ́yin nínú pàápàá kò yọ mí lẹ́nu: ṣíbí ńlá kan flax (irúgbìn kéékèèké kan) tí mo lọ̀, omi ṣíbí ńlá mẹ́ta, ó dúró fún ìṣẹ́jú 10, ó ki, ó ti dípò ẹyin kan. Fítámì B12 ni mo ní kí ẹ má fi ṣeré, torí kò sí nínú ẹ̀wà, kò sí nínú ewé tí èèyàn lè gbára lé. Àgbàlagbà nílò máíkírógíráàmù 2.4 lóòjọ́, hóró oògùn tí a ń gbé mì ni tiwa.

Ẹ̀wà ni mo gbójú lé pé yóò rọ́pò ẹran, pàápàá ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bí kíndìnrín. Mo ti kà á pé èròjà irin inú ẹ̀wà kì í wọ ara bí ti inú ẹran ṣe ń wọ̀ ọ́, àti pé fítámì C ló ń ràn án lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ irin yìí ká mi lára gan-an torí àwọn ọmọ mi ṣì ń dàgbà. Mo wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ tí orí mi wú sí. Mo gé tòmátì mẹ́fà, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, mo da gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀wà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè wọ̀ ọ́ lára dáadáa. Mo ti rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú, mo ti fọ̀ ọ́. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo gbé e kaná. Bó ṣe fẹ́ máa hó ni mo rẹ iná sílẹ̀ kí gáàsì má bàa lọ púpọ̀.

Agogo márùn-ún, ó le. Agogo mẹ́fà, ó le. Ilé ti ń ta sánsán, ọbẹ̀ ti pupa dáadáa, òróró ti léfòó, ẹni tó bá yọjú wo ìkòkò náà á rò pé oúnjẹ ti délẹ̀. Mo fi ṣíbí bu hóró kan, mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́. Ó yọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó bọ́ sórí sítóòfù, ó dún kọ́. Mo fi ọ̀bẹ la òmíràn sí méjì: eteetí rẹ̀ ti ń rọ̀, àárín rẹ̀ funfun báláú bí ẹfun.

Ní agogo méje àbọ̀ àbíkẹ́yìn mi wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa wá." Ọkọ mi ní kí n bù ú bẹ́ẹ̀, pé eyín àwọn ṣì le. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀wà pupa yìí ní májèlé kan nínú, lectin ni wọ́n ń pè é. Hóró tútù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré lè dá èèyàn wó: láàárín wákàtí 1 sí 3, èébì dé, ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e. Iná tó gbóná gan-an ló ń pa á. Ohun tí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ni pé kí a rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, kí a da omi yẹn nù, kí a sì jẹ́ kó hó nínú omi mìíràn fún ìṣẹ́jú 30. Ooru tí kò dé ìwọ̀n híhó, irú èyí tó wà nínú àwọn ìkòkò oníná tó ń se nǹkan díẹ̀díẹ̀, lè mú kí májèlé náà burú ju ti tútù lọ. Èmi sì rèé, iná rírẹ̀ ni mo ti ń lò láti ìrọ̀lẹ́. Mi ò lè fi inú àwọn ọmọ mi dán an wò.

Mo yí iná sókè. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Gáàsì ti tán. Búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀ la jẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí gbogbo wọn ti sùn tán ni mo da ìkòkò náà nù, tòtòmátì tòróró, omi sì bọ́ lójú mi.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ibi tí mo ti kà nípa ẹ̀wà, ohun kan náà ni wọ́n kọ: "se é títí yóò fi rọ̀." Tí kò bá rọ̀ ńkọ́? Ó di ọjọ́ kejì kí n tó rí i pé tòmátì tí mo fi ń yangàn gan-an ló di ẹ̀wà náà mú. Ohun kan wà tó so inú hóró ẹ̀wà pọ̀ bí àtè, pectin ni orúkọ rẹ̀, òun ló gbọ́dọ̀ yọ́ kí ẹ̀wà tó rọ̀. Ohun kíkan kì í jẹ́ kó yọ́. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé fítámì C tí mo torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà náà kì í fara da iná pípẹ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti bá iná lọ tipẹ́. Ká ní ìparí ni mo da tòmátì àti ọsàn wẹ́wẹ́ náà sí i ni, ẹ̀wà ì bá rọ̀, èròjà irin ì bá sì rí olùrànlọ́wọ́.

Mo rọ gáàsì míì, mo tún un sè láìsí tòmátì. Wákàtí 2 kọjá, ó ṣì yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó yàtọ̀. Nínú ṣíbí kan náà, hóró kan ti di mẹ́lọ́mẹ́lọ́, èkejì le bí òkúta wẹ́wẹ́. Mo gbéra lọ bá ìyá tó tà á fún mi, tìbínú-tìbínú. Mo ní ẹ̀wà àtijọ́ ló tà fún mi. Kò bá mi jà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì nínú àpò kan náà, ó ní, "Ẹ lọ se eléyìí lọ́tọ̀, kí ẹ padà wá sọ fún mi." Lẹ́yìn tí mo rẹ ẹ́ mọ́jú, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 5 ló gbà.

Ìgbà náà ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí ike ńlá tí mo ń kó ẹ̀wà sí. Ẹ̀wà kan ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ti lé ní ọdún méjì, orí rẹ̀ ni mo da tuntun lé, tí mo sì mì wọ́n pọ̀. Ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ni ike náà wà, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń bá a lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń sọ ẹ̀wà di òkúta bí àwọn méjèèjì. Mo padà lọ bẹ ìyá náà. Ẹ̀rín ló fi gbà mí, ó ní òun náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí rèé. Mo ń fi iyọ̀ sí omi tí mo fi ń rẹ ẹ̀wà, gíráàmù 15 sí lítà omi kan. Àwọn kan ní iyọ̀ ló ń mú kó le, mi ò gbà fún wọn mọ́: èèpo tí iyọ̀ ti rẹ̀ máa ń rọ̀, kì í bẹ́. Mo máa ń fọ̀ ọ́, mo máa ń jẹ́ kó hó gidi fún ìṣẹ́jú 30 kí n tó rẹ iná sílẹ̀. Ohun kíkan kankan kì í wọ ìkòkò mi kí àárín hóró tó kúrò ní funfun. Béékìn sódà máa ń mú un yá, ìwọ̀n tí ìka méjì lè bù sì ti tó. Ṣíbí kan ni mo kọ́kọ́ dà sí i, ẹ̀wà náà fọ́ yánkanyànkan, ó sì ń ta bí ọṣẹ lẹ́nu. Ẹni tí omi ilé rẹ̀ bá ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́tù, kó wá omi míì fi se ẹ̀wà, torí kálísíọ́mù inú omi bẹ́ẹ̀ náà ń di ẹ̀wà mú.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń sè é, mo ń pín in sínú ike kéékèèké, mo ń kó o sí fíríìsà. Gáàsì tí mo rọ̀ kẹ́yìn ti wọ ọ̀sẹ̀ kẹfà. Lálẹ́ àná ọkọ mi bu ẹ̀wà lẹ́ẹ̀kejì láìbi mí léèrè ibi tí ẹran wà, mo sì rí i.

Ẹ̀wà àtijọ́ náà ṣì wà. Mo jókòó ṣà á kúrò lára tuntun, hóró kọ̀ọ̀kan, torí àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣèlérí láti yá mi ní ìkòkò prẹ́ṣà rẹ̀, èyí tí ooru inú rẹ̀ máa ń tó 120°C. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fẹ́ gbé e kaná.