Tí skánà bá ń ṣi URL so pọ̀: bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Ọ̀pọ̀ skánà (irinṣẹ́ tó ń wá ojú ewé tó fara pamọ́ lórí sáfà) tí wọ́n fi Python kọ máa ń mú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan látinú wordlist, ìyẹn àkójọ àwọn ọ̀nà tó máa dán wò, wọ́n á wá fi `urljoin` lẹ̀ ẹ́ mọ́ àdírẹ́sì sáfà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. `urljoin` kì í kàn fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Bí bráúsà ṣe ń túmọ̀ líǹkì inú ojú ewé, bí RFC 3986, ìwé ìlànà URL, ṣe là á sílẹ̀, ló ń ṣe. Ẹ ṣí `python3`, kí ẹ fojú ara yín rí i:

```
>>> from urllib.parse import urljoin
>>> urljoin("http://127.0.0.1:8000/app", "login")
'http://127.0.0.1:8000/login'
>>> urljoin("http://127.0.0.1:8000/app/", "//admin")
'http://admin'
```

Nínú ti àkọ́kọ́, `app` pòórá torí pé kò sí `/` lẹ́yìn rẹ̀. Skánà á ní òun ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ibi tó yẹ kó wò kọ́ ló wò. Ti èkejì ló burú jù. `//` ń sọ fún `urljoin` pé orúkọ sáfà mìíràn ló ń bọ̀, ni ìbéèrè bá kúrò lórí sáfà tí wọ́n fún yín láṣẹ láti yẹ̀ wò, ó lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Ẹni tó ń lo irinṣẹ́ náà lè tipa bẹ́ẹ̀ ko ẹjọ́ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ẹ fi `git grep -n urljoin` wá gbogbo ibi tó wà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ máa yí o: níbi tí skánà ti ń tẹ̀ lé líǹkì tó rí nínú HTML, `urljoin` ló tọ́, ẹ kàn yẹ̀ ẹ́ wò pé `netloc` (orúkọ sáfà àti pọ́ọ̀tù rẹ̀) kò yí padà. Ibi tó ti ń ka wordlist lẹ máa fi èyí sí:

```
from urllib.parse import urlsplit, urlunsplit

def join_path(base, entry):
    u = urlsplit(base)
    path = u.path.rstrip("/") + "/" + entry.removeprefix("/")
    return urlunsplit((u.scheme, u.netloc, path, "", ""))
```

Python 3.9 sókè ló ní `removeprefix`. Ẹ má fi `lstrip` rọ́pò rẹ̀: gbogbo `/` tó wà níwájú ló máa jẹ, `//admin` tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ fi dán sáfà wò á di `admin` lásán. Ẹ má sì lo `hostname` dípò `netloc`. Kì í mú pọ́ọ̀tù dání, ó sì ń bọ́ àkámọ́ kúrò lára IPv6, tí `[::1]` á fi di `::1`.

Tí wordlist bá ní `../` (ìyẹn padà sí fódà tó wà lókè), tí skánà yín sì ń fi `requests`, láíbúrárì Python tó ń rán ìbéèrè, ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ò tíì parí, torí `requests` máa ń pa á rẹ́ kí ìbéèrè tó jáde. Ẹ gbé `python3 -m http.server 8000 --bind 127.0.0.1` dìde, ẹ darí skánà sí `/app` lórí rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí sáfà tẹ̀ jáde. 404 tó bá dá padà kò já mọ́ nǹkan kan. Ìlà `GET` lẹ ń wò. Tí ẹ bá rí `GET /etc/passwd` níbi tó yẹ kí `GET /app/../../etc/passwd` wà, ó ti sọnù lójú ọ̀nà. `http.client` tó wà nínú Python fúnra rẹ̀ kì í fọwọ́ kan ọ̀nà, òun ni kí ẹ fi rán irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ test kí ẹ tó tún kóòdù ṣe, kó kọ́kọ́ kùnà lórí kóòdù àtijọ́: `/app` àti `login`, `/app/` àti `login`, `/app` àti `//admin` tó gbọ́dọ̀ di `/app//admin`, àti `http://[::1]:8000` àti `login`. Àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta ló máa kùnà lórí kóòdù àtijọ́; èkejì àti ẹ̀kẹrin á yege níbẹ̀, wọ́n wà kí àtúnṣe má bàa ba ohun tó ti dára jẹ́. Àtúnṣe yìí nìkan ni kó wà nínú pull request (àbá àtúnṣe tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni iṣẹ́ náà). Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ohunkóhun síta gbangba, ẹ ka SECURITY.md iṣẹ́ náà, fáìlì tó sọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ jábọ̀ àṣìṣe ààbò, torí àṣìṣe tó ń rán ìbéèrè sí sáfà ẹlòmíràn lè jẹ́ èyí tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀.