Bí mo ṣe tún sẹ́tìn Assetto Corsa ṣe lórí láptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀

Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ṣe é ní GPU (kádì tó ń ya àwòrán) GTX 1650 oní mẹ́mọ́rì 4 GB, RAM 16 GB, àti ojú skríìnì 1920×1080 tó jẹ́ 60 Hz. Gémù náà ni Assetto Corsa, gémù ìdíje ọkọ̀ tí Kunos Simulazioni ti ilẹ̀ Ítálì gbé jáde ní 2014. Ohun tí mo ń wá ni pé kí fíréèmù (iye àwòrán tí gémù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan) má wálẹ̀ kúrò ní 60 nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá jọ ń rọ́ wọ kọ́nà àkọ́kọ́ ní pápá ìdíje Monza. Nọ́ńbà ńlá tí èèyàn ń rí nígbà tó bá ń dá nìkan sáré kò já mọ́ nǹkan kan.

Ọkọ̀ tó bá ń sá 200 km ní wákàtí kan máa ń rìn tó sẹ̀ǹtímítà 93 láàárín fíréèmù kan sí èkejì, bí fíréèmù bá jẹ́ 60. Bí àwòrán bá fi fíréèmù mẹ́ta pẹ́ dé ojú rẹ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta tí o fi kọjá ibi tó yẹ kí o ti tẹ bíréèkì.

Kí n tó fọwọ́ kan sẹ́tìn kankan, mo kọ́kọ́ wádìí bóyá CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò) ló ń fa eré sẹ́yìn tàbí GPU. Láptọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ wà lórí iná o, torí GPU kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ lórí bátìrì. Mo sọ resolution (bí àwòrán ṣe mú tó) kalẹ̀ sí 1280×720, mo tún ìdíje kan náà bẹ̀rẹ̀. Bí fíréèmù bá fò sókè, GPU lẹrù pa. Bí kò bá kúrò lójú kan, CPU ni. Tèmi kò kúrò lójú kan. Ẹ má fi replay wọn èyí o: replay kì í tún ìṣirò físíksì ṣe, ohun tó ti gbà sílẹ̀ ló ń gbé jáde. Ó dáa fún dídán GPU wò, àmọ́ irọ́ ló máa pa fún yín nípa CPU.

Físíksì Assetto Corsa ń ṣe ìṣirò nígbà 333 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé milisẹ́kọ́ńdì 3 péré ló ní fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọkọ̀ AI (èyí tí kọ̀ǹpútà ń wà) ló sì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá rí i parí lásìkò, gémù á kọ ọ́ sójú skríìnì pé CPU occupancy ti kọjá 99%. Sítíárìn náà á máa ṣe ségesège, torí inú ìṣirò yẹn ni agbára tó ń ta ọwọ́ ti ń wá. Kò sí sẹ́tìn àwòrán tó lè wo ìyẹn sàn, àfi kí o dín ọkọ̀ kù. Mo dín 24 kù sí 18, ìkìlọ̀ náà sì lọ.

Reflection ni mo ti jèrè jù. Kí àyíká tó lè hàn lára ọ̀dà ọkọ̀, gémù ní láti ya ojú mẹ́fà: òkè, ìsàlẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì. Sẹ́tìn faces per frame ló ń sọ iye tí yóò yà nínú fíréèmù kọ̀ọ̀kan. Bó bá wà ní 6, CPU á ti pàṣẹ yíya àyíká lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ìwọ fúnra rẹ ń wò. Mo gbé e sí 2. Fíréèmù mẹ́ta ló máa gbà á láti pé, ẹni tó jókòó sínú cockpit (àyè awakọ̀) kò sì lè mọ̀. Resolution rẹ̀ mo fi sí 512. Mi ò fi sí static, torí ọkọ̀ á wà lábẹ́ afárá, ojú ọ̀run á ṣì máa tàn lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì burú lójú.

Dígí ẹ̀yìn náà ń ya àyíká lẹ́ẹ̀kan sí i, àmọ́ mi ò pa á. Ta ló fẹ́ máa já lu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Mo fi sí 512, mo sì pa high quality mirrors. Òjìji wá sí 1024, world detail kúrò ní Maximum wá sí High. Èéfín taya wá sílẹ̀ pátápátá: bí ọkọ̀ kan bá yí po níwájú rẹ, èéfín á bo skríìnì, GPU á sì rẹ̀wẹ̀sì lójijì. Anti-aliasing (tó ń mú kí etí àwòrán dán) dúró sí 4x, nítorí pé GPU ṣì láyè. Anisotropic filtering dúró sí 16x, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ná èèyàn ní nǹkan kan, òun ló sì ń jẹ́ kí ìlà funfun hàn kedere láti ọ̀ọ́kán.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, eré ṣì ń ta kókó láwọn ibì kan. Mẹ́mọ́rì 4 GB ti GPU ló kún. Bí irú ọkọ̀ bá pọ̀ jù, GPU á máa yá àyè lára RAM, ibẹ̀ ni ìdádúró ti ń wọlé. Irú ọkọ̀ mẹ́ta péré ni mo pín ọkọ̀ 18 náà sí, ó sì rọlẹ̀. Ọkọ̀ tí èèyàn gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fura sí jù. Ṣí fódà rẹ̀ nínú content/cars. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe dáadáa máa ń ní fáìlì kn5 (àwòrán ara ọkọ̀) mélòó kan, ńlá fún ìtòsí, kékeré fún ọ̀nà jíjìn. Bó bá jẹ́ kn5 ńlá kan ṣoṣo pẹ̀lú collider.kn5 (tó wà fún ìkọlù nìkan) lo bá níbẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára táyà rẹ̀ ni gémù máa yà bó bá tiẹ̀ kéré bí èèrà lókèèrè. Mo yọ irú wọn kúrò nínú ìdíje.

Ní ìparí mo pa vsync (tó ń mú kí gémù àti skríìnì bá ara wọn mu), torí ó ń mú kí àwòrán pẹ́ dé, mo sì fi frame limit sí 60. Àwòrán á máa fàya díẹ̀ lójú skríìnì nígbà mìíràn, mo fara mọ́ ọn. Limit yẹn tún ń dín ooru kù. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí èèyàn gba nọ́ńbà ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ gbọ́: láptọ́ọ̀pù tó bá gbóná máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù, ẹ jẹ́ kó sáré tó ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó wò ó.