Bí ẹ ṣe lè fi yíǹkì ya ológoṣẹ́ lórí ọparun, bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń yà á

Ìdílé aládìrẹ ni mo ti wá ní Ìtòkú, ẹyẹ yíyà sára aṣọ kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé, ti àwọn ará Ṣáínà ni: yíǹkì dúdú, omi àti bébà. Kò sí pẹ́ńsù, kò sí rọ́bà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́. Omi inú bírọ́ọ̀ṣì ló máa ń dá gbogbo wàhálà sílẹ̀, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ.

Xuan ni wọ́n ń pe bébà wọn. Èèpo igi àti koríko ìrẹsì ni wọ́n fi ń ṣe é ní Anhui, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà, ó sì máa ń fa omi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti fi álọ́ọ̀mù pa lára kí yíǹkì má baà tàn. Èyí tí wọn ò pa lára la fẹ́. Bí ẹ ò bá tíì rí i rà, ìwé ìròyìn àtijọ́ dára fún ìdánrawò. Ẹ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó sábẹ́ rẹ̀, kó má baà lẹ̀ mọ́ tábìlì.

Ọ̀pá yíǹkì, dúdú èéfín àti gúlù awọ ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ kán omi díẹ̀ sórí òkúta tí a ń lọ̀ ọ́ lé, ẹ mú ọ̀pá náà dúró ṣánṣán, kí ẹ máa lọ̀ ọ́ yípo pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀pá bá ń fi ipa sílẹ̀ nínú yíǹkì, tí ipa náà kò tètè pa dé, ó ti kì nìyẹn. Yíǹkì inú ìgò kò burú, àmọ́ lílọ̀ yìí ni mo fẹ́ràn, torí ọwọ́ á ti rọ̀ kí ẹ tó fa ìlà kankan. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ fi àwo bò ó, kíá ló ń gbẹ.

Ẹ rẹ bírọ́ọ̀ṣì sínú omi, ẹ fà á létí àwo. Ẹ rì í bọ inú yíǹkì tí ẹ ti fi omi là, kí ẹ wá fi ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan kan èyí tó kì. Ìlà kan ṣoṣo á dúdú lápá kan, á sì máa ṣá lọ sí apá kejì. Bí etí ìlà bá ń tàn kọjá ibi tí ẹ fẹ́, omi ti pọ̀jù.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ológoṣẹ́ o. Wọ́n kún abẹ́ páànù káàkiri Abẹ́òkúta, ní Kútọ̀, ní Láfẹ́ńwá. Wọ́n ń sọ ìtàn Huizong, ọba Ṣáínà tó gorí ìtẹ́ ní 1100, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán. Àwọn ayàwòrán ààfin ya ọ̀kín tó fẹ́ gun òkìtì, ọba ní wọn ò yà á re, ẹsẹ̀ òsì ni ọ̀kín máa ń kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀yìn ọba yẹn ni mo wà.

Àgógó ẹnu la fi ń bẹ̀rẹ̀: ìlà kúkúrú méjì, ti òkè gùn ju ti ìsàlẹ̀. Ojú ló tẹ̀ lé e. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ ya òbìrìkìtì kékeré, kí ẹ kán dúdú sínú rẹ̀, kí funfun ṣẹ́kù. Bí dúdú náà bá wà láàárín, ẹyẹ ń wò yín jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbé e lọ kan òkè òbìrìkìtì, inú ń bí i. Bada Shanren (1626–1705), ayàwòrán ará Ṣáínà, mọ èyí dáadáa. Ọmọ ìdílé ọba Ming ni, ìjọba wọn wó ní 1644, ó sì di mọ́ńkì. Ẹyẹ rẹ̀ sábà máa ń gbé ẹyinjú sókè, ní òun nìkan nínú bébà tó ṣófo. Òfìfo yẹn wà lára àwòrán, ẹ má ṣe dí i.

Fún orí àti ẹ̀yìn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ bírọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́. Kó tó gbẹ, ẹ fi dúdú ya ìyẹ́ apá lé e, kó wọ inú ara díẹ̀. Ìrù, ìlà méjì tàbí mẹ́ta. Àyà, yíǹkì olómi fẹ́ẹ́rẹ́.

Ọparun rọrùn: láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ tẹ̀, ẹ fà, ẹ dúró, ẹ gbé ọwọ́ ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Fún ewé, ẹ tẹ̀ kí ẹ tètè gbé e kúrò kó ṣóńṣó. Ẹsẹ̀ ẹyẹ ló kẹ́yìn, torí ẹ̀ka ló máa sọ ibi tó máa dì mú: ìka mẹ́ta níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ má padà sórí ìlà tí ẹ ti fà.

Tí àwòrán bá gbẹ, bébà á ká kò. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ pa fúláwà tí ẹ sè kó ṣàn sẹ́yìn rẹ̀, ẹ lẹ bébà mìíràn mọ́ ọn. Láfún tí a fi ń ṣe àdìrẹ kì jù fún èyí. Bó bá jẹ́ yíǹkì ìgò lẹ lò, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù bébà, torí òmíràn máa ń ṣàn tí omi bá tún kàn án.