Ogójì orúru tí wọ́n tà fún mi ní akòko

₦60,000 ni mo fi ra ogójì igi tí kì í ṣe ohun tí mo béèrè. Owó yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí mo fi bomi rin wọ́n ló dùn mí jù. Mo ń ro ìdí wọn, mo ń fi wọ́n han àlejò pé ọgbà akòko ni mò ń gbìn, láìmọ̀ pé orúru ni gbogbo wọn.

Ilẹ̀ mi wà lápá Àmúlókò, n'Íbàdàn. Nígbà tí bíríkìlà ṣírò ohun tí ògiri búlọ́ọ̀kù máa gbà, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ló pè é, n kò sì ní in. Mo wá rántí agboolé wa ní Ìwó. Akòko ni wọ́n fi sọgbà yí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi àgbà ká. Igi náà kì í na ọwọ́ káàkiri, òkè ló máa ń kọjú sí, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n bá sì gbìn ín súnmọ́ra, ewúrẹ́ ò ní ráyè gbà kọjá. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó létí títì ló ní òun ní akòko nínú ọ̀rá, ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá mi, akòko oyè yẹn gan-an ni," ló fi dá mi lóhùn. Mo sanwó, mo kó wọn, mo gbìn wọ́n nígbà òjò oṣù kẹfà. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń gbin igi inú ọ̀rá, n ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín.

Wọ́n yára dàgbà. Kó tó pé ọdún, àwọn kan ti ga jù mí lọ, inú mi sì ń dùn gidigidi. Ó yẹ kí ìyára yẹn ti fu mí lára.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún kejì ni ìdílé kan ládùúgbò wa fẹ́ fi ọmọ wọn joyè. Ẹni tó bá mọ àṣà wa mọ̀ pé ewé akòko ni wọ́n ń já lé olóyè lórí. Ẹni tí wọn ò bá tíì jáwé lé lórí, kò tíì joyè. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wọn wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé kí n ṣàánú àwọn. Èmi fúnra mi ni mo já a, mo yan èyí tó dára jù, mo dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ agbádá, mo lọ jókòó síwájú.

Àgbàlagbà tó fẹ́ jáwé náà tú u. Ó mú ewé kan, ó fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ láti ìdí dé orí, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Ta ló mú eléyìí wá? Orúru nìyí." Wọ́n nawọ́ sí mi. Ọlọ́kadà ni wọ́n rán níṣẹ́ lọ wá òmíràn, oyè tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́wàá di aago kan ọ̀sán. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi ṣì ń gbóná.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn mí. Wọ́n gbé ewé méjèèjì lé mi lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì jọra lóòótọ́ tí ẹ bá wò wọ́n lókèèrè: ọ̀pá kan láàárín, ewé kéékèèké ní méjì-méjì tó kọjú síra, ọ̀kan ṣoṣo ní ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n etí ewé akòko ní eyín bíi ti ayùn. Ó le, ó ń dán, ó máa ń ha ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Etí ti orúru gún régé, ewé náà rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní irun wẹ́wẹ́ tí ẹ óò mọ̀ lára ju pé kí ẹ fojú rí i lọ. Ohun tó bí mi nínú ni pé mo mọ òdòdó orúru láti kékeré. Àwa ọmọdé la máa ń ká irúdí rẹ̀ tó tẹ̀ bí ìwo, a ó tẹ̀ ẹ́, omi inú rẹ̀ á tú sí ọmọ ẹlòmíràn lójú. Tó bá là tán, pupa ni bí iná. Òdòdó akòko ní tirẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ tó pò mọ́ funfun. Èso akòko a máa rọ̀ sílẹ̀, gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ti orúru a máa nàró, tó bá gbẹ á là bí ọkọ̀ ojú omi, kóró rẹ̀ tó ní ìyẹ́ á sì fò lọ. Mo mọ gbogbo èyí, àmọ́ igi tí kò tíì tanná ni wọ́n tà fún mi, ewé nìkan ló sì wà lára rẹ̀.

Mo kà á lẹ́yìn náà pé Palisot de Beauvois, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Faransé tó wá sí apá Wàrí àti Benin láàárín 1786 sí 1788, orúkọ ìdílé kan náà ló fún igi méjèèjì. Ó pe orúru ní Spathodea campanulata, ó pe akòko ní Spathodea laevis. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló yọ akòko kúrò níbẹ̀ tí wọ́n sọ ọ́ di Newbouldia laevis. Títí dòní, inú agbo igi kan náà tí wọ́n ń pè ní Bignoniaceae ni àwọn méjèèjì wà. Síbẹ̀, n ò gbà pé èyí dá ẹni tó tà á fún mi láre. Òun ló ń fi igi jẹun. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní ewé ni gbogbo ẹ̀, pé kí n fi sílẹ̀ kó máa ṣe ìbòòji. Kọ́bọ̀ kò padà wá.

Ohun tó dẹ́rù bà mí ju ti oyè lọ ni pé obìnrin kan ládùúgbò ti já ewé náà lẹ́ẹ̀mejì fún àgbo ibà ọmọ rẹ̀, nítorí èmi ni mo sọ fún un pé akòko ni. Ọmọ náà ò ṣe nǹkan kan, mo dúpẹ́. Mo mú ẹ̀ka méjèèjì lọ sọ́jà Bodè, mo bá ìyá ẹlẹ́wẹ́ ọmọ kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, oògùn ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀." Èèpo orúru ni wọ́n ń lò fún egbò àti àrùn awọ ara. Akòko ní tirẹ̀, èèpo rẹ̀ wà fún inú rírun, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti eyín dídùn, ewé rẹ̀ wà nínú àgbo ibà. Àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tún ń fún aboyún tó ń rọbí ní akòko kí ọmọ lè tètè wálẹ̀. Nítorí ìyẹn gan-an ni ìyá náà ṣe kìlọ̀ pé aboyún tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn onímọ̀ ti yọ èròjà kan nínú gbòǹgbò akòko tí wọ́n fi orúkọ igi náà pè ní newbouldine, nítorí náà igi yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń já nítorí pé ó sún mọ́ ilé.

Mo wá fẹ́ hú orúru náà. Oṣù mẹ́ta ló fi dá mi dúró.

Ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi àdá bẹ́ gbogbo wọn lulẹ̀. Igi rẹ̀ rọ̀, ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kejì ni, mo sì rò pé ó ti parí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, kùkùté kọ̀ọ̀kan ti yọ ọ̀mùnú mẹ́rin, márùn-ún. Mo tún bẹ́ wọn. Wọ́n tún yọ, àwọn kan tiẹ̀ gba inú gbòǹgbò yọ níbi tí n ò gbin nǹkan kan sí. Ogójì igi ti fẹ́ di igba.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo ní kí n dáná sun àwọn kùkùté. Mo kó koríko gbígbẹ lé wọn, mo da kẹrosíìnì sí i. Koríko jó tán, kùkùté dúdú lára lásán, inú rẹ̀ tutù. Ìgbà náà ni wọ́n tó sọ fún mi pé igi orúru kì í fẹ́ gbiná, pé àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi ṣe ẹwìrì nítorí ẹ̀. Ká ní mo béèrè ṣáájú ni, owó kẹrosíìnì ì bá wà lápò mi.

Nígbẹ̀yìn, díígà ló ṣe é. Oṣù kìíní ni, ilẹ̀ ti le bí àpáta. Mo gba lébìrà méjì, ₦6,000 ẹnì kan lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin: ₦48,000. Mo dúró tì wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí gbòǹgbò tí wọ́n bá gé tí wọn ò yọ, yóò tún hù ni. Ní Hawaii àti Fiji, níbi tí wọ́n gbin orúru sí nítorí ẹwà òdòdó rẹ̀, ó ti di ìyọnu inú igbó fún wọn. Mo gbà wọ́n gbọ́. Kì í ṣe igi burúkú ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbátí ilé kọ́ ni ààyè rẹ̀: ó lè ga kọjá mítà ogún, ẹ̀ka rẹ̀ sì tètè ń dá tí ìjì bá jà.

Gbígbin akòko gan-an kò ná mi ní nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Mo mú obì àti ọtí lọ bá baálé wa ní Ìwó nípẹ̀kun oṣù kẹrin, wọ́n yọ̀ǹda kí n gé ọ̀pá márùnlélógójì, èyí tó nípọn tó ọrùn-ọwọ́, tó ga dé àyà mi. Mo fi ọ̀dà funfun sàmì sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n má baà gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo fi wọ́n sábẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ mẹ́ta, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan síra. Owó ọkọ̀, obì, ọtí, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦14,000. Mẹ́rin péré ló kú. Ọ̀kànlélógójì ló dúró, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọgbà tó gún jùyẹn lọ kò sí ládùúgbò wa.

Tí ẹ bá fẹ́ gbin akòko, ẹ má ra ti inú ọ̀rá. Ẹ lọ sídìí igi tí ẹ ti rí òdòdó rẹ̀, tàbí tí àgbà kan ti já ewé rẹ̀ lé olóyè lórí níṣojú yín, kí ẹ gé ọ̀pá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ rà á, ẹ fi àtàǹpàkò ra etí ewé rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn tanná fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo mú ẹ̀ka kan lọ fún bàbá tó kọ́ mi, wọ́n ra etí rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n sì fi sẹ́yìn fìlà wọn. Lánàá mo rí ewé rírọ̀ méjì tó yọ lẹ́bàá sọ́kàwéè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi àtàǹpàkò ra etí wọn. Ó gún régé. Mo lọ gbé díígà.