Bí ìjọ ṣe ń fi ọmọ sọ́dọ̀ alágbàtọ́ ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láìsọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó kéde ọmọ tí kò ní olùtọ́jú nínú ìjọ, ẹ wá ẹbí rẹ̀ ná. Ìyá àgbà lè wà ní Ìdígín, àbúrò bàbá lè wà ní Ìlárá, kó jẹ́ pé àìsówó ni wọn ò fi lè gbà á. Bí àpò àgbàdo kan lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta àti owó ìwé bá mú kí ìyá àgbà lè tọ́ ọ, ẹ fún un, kí ọmọ dúró sílé wọn. Àfi tí èyí ò bá ṣeé ṣe ni kí ẹ tó wá alágbàtọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ àti ẹbí rẹ̀ kan lọ sí GUPS, ọ́fíìsì ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ ará ìlú, ibi tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní CPS, kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Pásítọ̀ ò láṣẹ láti dá fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Òfin ọmọdé tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní 2015 ń dáàbò bo ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18, bẹ́ẹ̀ ẹnubodè Nàìjíríà ò jìnnà sí wa. Ọmọ tí kò sí nínú ìwé kankan, ẹni burúkú lè mú un kọjá kí ẹnikẹ́ni má béèrè rẹ̀. Bí kò bá ní ìwé ìbí, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ìwé kóòtù tí wọ́n ń pè ní jugement supplétif. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìdánwò CEP tí wọ́n fi ń parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Yíyan ilé ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣìṣe. Àwọn àgbà ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Ohun tí àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ń pè ní vidomègon, ìyẹn fífi ọmọ sílé ẹlòmíràn, ìrànlọ́wọ́ láàárín ẹbí ni níbẹ̀rẹ̀. Òun náà ló wá di kí ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá máa kiri omi tútù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Arábìnrin tó ń gbàdúrà dáadáa kọ́ ni ẹ ń wá. Ẹ jókòó nílé rẹ̀, kí ẹ bi í pé, “Ta ló ń pọnmi níbí? Ta ló ń fọ abọ́?” Bó bá dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń ṣe é, pé ìdí tóun fi fẹ́ ọmọ nìyẹn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ dìde. Ilé tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ilé, tí wọ́n sì ń lọ sílé ìwé, ni kí ẹ mú.

Ẹ kọ àdéhùn sórí ìwé kan ṣoṣo, ní Yorùbá, kí ẹ kà á sókè: iṣẹ́ tí ọmọ onílé ń ṣe ni ọmọ àgbàtọ́ yóò ṣe, àkókò tí wọ́n ń jí lòun náà yóò jí, kò ní kiri ọjà, kò ní sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Alágbàtọ́, ẹbí ọmọ àti alàgbà kan yóò fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Ẹ má ra páàdì ìtẹ̀ka, yíǹkì bíìkì tí a fi ra àtàǹpàkò ti tó.

Àdéhùn láìsí àbẹ̀wò, ìwé lásán ni. Ẹni méjì ni kó máa lọ, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ẹ má sọ tẹ́lẹ̀, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí aṣọ ìsìn máa ń bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo ẹní tó ń sùn lé. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti àárín orí, níbi tí ẹrù ti máa ń fá irun. Ẹ ṣí kàyé rẹ̀, ìwé tó fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì, kí ẹ ka déètì: bí àwọn ọjọ́ tí kò kọ nǹkan bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà léraléra, ẹ ti mọ ibi tó wà. Ẹ bá òun nìkan sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi, níbi tí ojú gbogbo ti lè rí yín. Ẹ má bi í pé ṣé dáadáa ló wà, torí “ẹ́ẹ̀n, mà” ni yóò dáhùn. Ẹ ní kó ka ohun tó ṣe lánàá fún yín, látìgbà tó ti jí.

Bí ẹ bá rí àpá ẹgba tàbí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ẹ má gbé e lọ sí ìpàdé àgbà ìjọ láti parí rẹ̀ níbẹ̀. GUPS ni kí ẹ lọ, tàbí kí ẹ pe 138, nọ́ńbà fóònù fún ìrànlọ́wọ́ ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni.

Ìrànlọ́wọ́ kò le. Oúnjẹ ni kí ẹ máa gbé wá, fún gbogbo ilé, kì í ṣe owó sọ́wọ́. Ẹ má gbé fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp láti fi tọrọ. Bí ẹ bá ra kàyé fún un, ẹ ra fún ọmọ onílé náà, kí ìlara má wọlé. Ní ti kakí ilé ìwé, kí télọ̀ rán an gùn díẹ̀, kó sì ká etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Bí ọmọ bá ṣe ń ga, ẹ tú ìka kan sílẹ̀.