Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá nìkan ṣe ẹ̀rọ, ẹ dúró ná

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tún gbé àpótí wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Láfẹ́nwá, ó faṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní kí n bá òun jó irin méjì pọ̀. Mo bi í pé kí ni irin ọ̀hún fẹ́ gbé. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú, àṣírí ni."

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ ní Abẹ́òkúta yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì ń bí mi nínú jù. Mi ò ní pòwe àgbájọ ọwọ́ fún yín, ẹ ti gbọ́ ọ títí. Owó tí ẹ ń jó níná ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ yé ra mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó.

2. Ẹ yé kọ orúkọ yín sára ẹ̀rọ tí kò tíì ṣiṣẹ́. Èmi náà ṣe é, màá dé ibẹ̀.

3. Fífi àwòrán pamọ́. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti èyí. Ẹ máa ń gé àwòrán sí wẹ́wẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà jí i. Wẹ́dà kan á rí ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn ní Adátán á rí ìdérí, tọ́nà tó ń yí irin gbẹ́ á rí ọ̀pá àárín, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnì kejì ń ṣe. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọn jọ, ọ̀pá ò wọlé, ìdérí ò bá ẹnu mu, ẹ̀ẹ́ wá máa pariwo pé oníṣẹ́ ọwọ́ Nàìjíríà ò mọṣẹ́. Ta ló fẹ́ jí ohun tí kò lè yí?

Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní James Watt ńkọ́, ṣé òun nìkan kọ́ ló dá ẹ́ńjìnnì tó ń fi èéfín omi gbígbóná ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ni? Òun nìkan kọ́! Ẹ́ńjìnnì Thomas Newcomen ti wà láti 1712, wọn ò tíì bí Watt nígbà yẹn. Irú rẹ̀ kékeré kan tó wà ní yunifásítì Glasgow ni wọ́n ní kí Watt tún ṣe. Lóòótọ́, orí tirẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wá ní 1765, pé kí èéfín lọ tutù níbòmíràn kí sílíńdà, àgbá irin tí èéfín ti ń ṣiṣẹ́, lè máa gbóná lọ. Mi ò gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n ò dí ihò. Sílíńdà rẹ̀ ò rí roboto dáadáa, èéfín ń jò, ó ń fi àkísà dí i. Roebuck tó ń náwó sí i wọko gbèsè. Boulton, oníléeṣẹ́ kan, ló gba iṣẹ́ náà, John Wilkinson tó ń gbẹ́ inú ìbọn àgbá ló sì wá bá wọn gbẹ́ sílíńdà tó rí roboto. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́kọ́ tà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1776. Ọdún mọ́kànlá gbáko, tọ́nà wà lára ohun tí wọ́n ń retí!

Èyí tó kàn ni pé ẹ kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa lo ẹ̀rọ. Ní 2011, mo tilẹ̀kùn mọ́rí, mo fi owó àjọ ìyàwó mi ṣe ẹ̀rọ tó ń yan gààrí. Mo fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Gààrí tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ẹ lè fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ti di ẹ̀bà. Ìyá kan tó ń yan gààrí ládùúgbò tọwọ́ bọ ẹ̀gẹ́ tí mo rin, ó ní, "Ọmọ mi, omi ṣì pọ̀ níbí, o ò sì jọ̀ ọ́. Nǹkan ẹ yìí kàn ń ro ó kiri ni, kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbada." Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti lò, mo sì ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Ìkẹrin àbí ìkarùn-ún, mi ò kà á mọ́: ẹ kì í rántí ọmọ iṣẹ́. Dókítà Fleming rí pẹnisílínì, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, lára èbu ní 1928, àmọ́ kò rí i yọ kó mọ́. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá kí Florey àti Chain àti àwọn èèyàn wọn ní Oxford tó rí i ṣe. Norman Heatley tó wà láàárín wọn ń fi póò ilé ìwòsàn gbin èbu náà. Ẹni mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945. Heatley ò sí níbẹ̀. Ẹ sanwó ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ sì dárúkọ ẹ̀.

Ọmọ alápòótí yẹn padà wá lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣí aṣọ. Ẹ̀rọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ kan tẹ̀, òmíràn sanra, ọ̀bẹ rẹ̀ wá ń gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo. Àwa mẹ́ta la ti gbìyànjú irú ẹ̀ ní Láfẹ́nwá yìí, a sì mọ ibi tó ti ń dáni dúró. Ká ní ó ti ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kì bá má ra ọ̀bẹ kejì. Mo mú un lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi tèmi ti 2011 hàn án. Ọ̀dà pupa ọ̀hún ò tíì ṣí. Adìyẹ ló ń yé sínú rẹ̀.